Vincent Bendix: Ọkùnrin tó fún ọkọ̀ ní bíréèkì, àmọ́ tí owó tirẹ̀ kò ní bíréèkì

Tí ooru bá ti mú dáadáa ní Chicago, àwọn ọkọ̀ àtijọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú gáréèjì tí wọ́n ti wà láti ìgbà òtútù. Ẹ ó rí Chevrolet ọdún 1957, ẹ ó rí Mustang ọdún 1965, ẹ ó sì rí Volkswagen tí àwọn òbí wa ń pè ní ìjàpá. Ọ̀dà ara wọn á máa dán, àwọn èèyàn á sì máa yà wọ́n ní fọ́tò. Àmọ́ tí ẹ bá bi àwọn tó ni wọ́n pé kí ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀, ọ̀pọ̀ ni kò ní dárúkọ ọ̀dà tàbí ẹ́ńjìnnì. Bíréèkì ni wọ́n máa dárúkọ. Wọ́n á ní àwọn ti yọ bíréèkì dúrọ́ọ̀mù, àwọn sì ti fi dísíìkì rọ́pò rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn Vincent Bendix fún yín lónìí. Ó wà lára àwọn tó sọ bíréèkì orí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ohun tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Chicago ló ti dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, Chicago náà ni wọ́n sì sin ín sí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ní ẹ kò gbọ́ orúkọ yìí rí. Ẹ tún un rò. Tí ẹ bá wà ní ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin, tí kíìkì ọkọ̀ yín ń pariwo lásán tí ẹ́ńjìnnì kò sì yí, ríwáyà lè ní kí ẹ lọ ra bendix. Tí bíréèkì bá le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, mẹkáníìkì lè ní hydrovac ló bàjẹ́. Orúkọ èèyàn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ kejì jẹ́ orúkọ tí ilé-iṣẹ́ èèyàn yẹn fún ẹ̀rọ tó ń bá ẹsẹ̀ awakọ̀ tẹ bíréèkì. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ wa ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì, láì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni wọ́n ti wá.

Ta ni Vincent Bendix?

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1881 ni wọ́n bí i ní Moline, ìlú kan létí odò Mississippi ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Illinois. Oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà. Bengtson ni orúkọ ìdílé wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó wá sí Chicago ni wọ́n pa orúkọ náà dà sí Bendix. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí ẹ̀yin òǹkàwé wa. Mélòó nínú wa ni kò tíì gé orúkọ ara rẹ̀ kúrú nítorí pé àwọn tó ń pè é níbí kò rí i pè? Orúkọ tí ìdílé aṣíkiri kan yí padà kó lè rọ ẹnu àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́rùn ni ó wá di orúkọ tí àwọn ríwáyà ń pè ní Mushin.

Bàbá rẹ̀ wà nídìí ìwàásù, àmọ́ irin àti ẹ̀rọ ni ọkàn ọmọ wà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 16, ó fi ilé sílẹ̀ lọ sí New York. Ó ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ kéékèèké níbẹ̀ kó lè rówó jẹun, ó sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ láti kọ́ nípa ẹ̀rọ. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ lálẹ́ tí a sì ń wọ kíláàsì láàárọ̀ mọ irú ìgbésí ayé yẹn dáadáa.

Ọkọ̀ tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè kọ́kọ́ wọlẹ̀

Ní ọdún 1907, Bendix ti padà sí Chicago. Ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń ṣe ọkọ̀ kékeré, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pe ọkọ̀ náà. Nígbà yẹn, táyà gíga bíi ti kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lò, ẹ́ńjìnnì sì wà lábẹ́ ìjókòó. Ìlú Chicago kún fún àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1909, ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé.

Ẹlòmíì ì bá padà sídìí iṣẹ́ oṣù. Bendix kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan láti inú ìkùnà yẹn, òun ló sì lò títí ayé rẹ̀: ẹni tó ń ṣe odindi ọkọ̀ yóò máa bá gbogbo ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ jà, àmọ́ ẹni tó ń ṣe ẹ̀yà kan tí gbogbo ọkọ̀ nílò, gbogbo wọn ni yóò di oníbàárà rẹ̀.

Bí bendix ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀yà àkọ́kọ́ tó mú ni èyí tó ń tanná sí ọkọ̀. Ní ìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ á dúró níwájú ọkọ̀, á ki irin gígùn bọ ihò, á sì fi agbára yí i. Nígbà mìíràn ẹ́ńjìnnì á ta irin náà padà, á sì dá a lápá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fara pa lọ́nà bẹ́ẹ̀. Cadillac gbé ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná tan ẹ́ńjìnnì jáde fún ọdún 1912, gbogbo ayé sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ìṣòro kan wà níbẹ̀: báwo ni mọ́tò kékeré náà ṣe máa di ẹ́ńjìnnì mú kó lè yí i, tí yóò sì tètè fi í sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó sáré fọ́ ọ?

Ìdáhùn Bendix kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ó fi jíà kékeré kan sórí ọ̀pá tí wọ́n ya ìlà yí ká bí ara sukurúù. Tí mọ́tò bá yí ọ̀pá náà lójijì, jíà kò ní lè bá a yí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà yóò gba orí ìlà yẹn sún síwájú, eyín rẹ̀ yóò sì há mọ́ eyín wíìlì ńlá tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Nígbà náà ni ẹ́ńjìnnì máa yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbiná, wíìlì ńlá náà á yára ju jíà lọ, á sì yí i padà sẹ́yìn sí àyè rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Ó ń wọlé fúnra rẹ̀, ó sì ń jáde fúnra rẹ̀.

Bendix gba ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ náà, ó sì bá ilé-iṣẹ́ Eclipse tó wà ní Elmira, ìpínlẹ̀ New York, ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa ṣe é. Chevrolet wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó, ní ọdún 1914. Láàárín ọdún díẹ̀, owó ń wọlé láti ara ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ tí òun kò fọwọ́ kàn rí.

Báwo ló ṣe dé ìdí bíréèkì?

Ọkọ̀ ti ń tètè gbéra, wọ́n sì ti ń sáré sí i. Àmọ́ títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn méjì nìkan ló ní bíréèkì. Ìdí ni pé táyà iwájú ń yí sọ́tùn-ún sósì, ó sì ṣòro láti fi ọ̀pá àti wáyà gbé bíréèkì dé ibẹ̀ láì jẹ́ kó dí ìdarí ọkọ̀ lọ́wọ́. Àwọn míì tilẹ̀ bẹ̀rù pé ọkọ̀ tó bá fi táyà iwájú dúró lè dojú dé.

Òdìkejì ìyẹn ni òótọ́. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró lójijì, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á rọ́ síwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró nínú bọ́ọ̀sì CTA rí mọ bó ṣe máa ń rí. Táyà iwájú ló wá ń tẹ ilẹ̀ jù nígbà náà, nítorí náà òun ló lè ṣe iṣẹ́ jù. Ẹni tó fi bíréèkì sẹ́yìn nìkan ti fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀ láì lò ó.

Ní ilẹ̀ Faransé, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Henri Perrot ti rí ọ̀nà àbáyọ sí i. Bendix bá a pàdé, ó sì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ṣe irú bíréèkì náà ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1923 àti 1924 ló gbé ilé-iṣẹ́ bíréèkì kalẹ̀, South Bend ní ìpínlẹ̀ Indiana ló sì fi ṣe ibùdó. Ìlú náà kò ju nǹkan bí 150 kìlómítà lọ sí Chicago, ibẹ̀ náà sì ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Studebaker wà.

Ohun tó mú kí bíréèkì tí ilé-iṣẹ́ Bendix tà káàkiri dára ni pé ó ń lo agbára ọkọ̀ láti dá ọkọ̀ dúró. Nínú dúrọ́ọ̀mù, irin méjì tó tẹ̀ bí oṣù lẹ́ ni wọ́n kọjú síra. Bàtà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè wọ́n. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, bàtà méjèèjì á ya síta, wọ́n á sì fara kan inú dúrọ́ọ̀mù tó ń yí. Dúrọ́ọ̀mù á wá fa bàtà àkọ́kọ́ lọ́wọ́, òun náà á ti èkejì, ìyẹn á sì tún há mọ́ dúrọ́ọ̀mù le ju bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ. Bí táyà ṣe ń yí ló ń mú bíréèkì le sí i. Nítorí èyí, obìnrin kékeré pàápàá lè fi ẹsẹ̀ kan dá ọkọ̀ ńlá dúró, láì sí ẹ̀rọ kankan tó ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ rántí kókó yìí, a ó padà sí i níwájú.

Nígbà tí owó dé

Ní ọdún 1929, Bendix kó àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ jọ sábẹ́ orúkọ tuntun, Bendix Aviation, ó sì gba iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú mọ́ ti ọkọ̀ ilẹ̀. Ó ra Stromberg, ilé-iṣẹ́ kabúrétọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Chicago. General Motors ra nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọ oníwàásù tó kúrò nílé ní ọmọ ọdún 16 ti di ọ̀kan lára àwọn olówó tí orúkọ wọn ń jáde nínú ìwé ìròyìn.

Ó sì ná owó náà. Ní Lake Shore Drive, ilé kan wà tó dà bí ààfin, èyí tí oníṣòwò Potter Palmer kọ́ ní àwọn ọdún 1880. Òun ni ilé tó lókìkí jù ní Chicago nígbà yẹn. Bendix rà á ní ọdún 1928, ó sì ní i lọ́kàn láti wó o kó lè kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì gíga síbẹ̀. Nígbà tí Sven Hedin, arìnrìn-àjò ọmọ Sweden, ń wá owó láti kó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jọ láti Ṣáínà, Bendix ló gbé owó sílẹ̀. Wọ́n ṣe àwòkọ tẹ́ńpìlì oníwúrà ti Jehol ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé, wọ́n kó o wá sí Chicago, wọ́n sì tò ó pọ̀ fún àwọn tó wá wo àfihàn ńlá Century of Progress tó wáyé létí adágún ní 1933 àti 1934.

Ní 1931, ó gbé ife-ẹ̀yẹ kalẹ̀ fún àwọn awakọ̀ òfúrufú tó bá yára jù láti apá kan Amẹ́ríkà dé apá kejì. Jimmy Doolittle ló gbà á ní ọdún àkọ́kọ́. Ní 1936, obìnrin ló gbapò kìíní, Louise Thaden, obìnrin mìíràn ló sì ṣe ipò kejì. Jacqueline Cochran náà gbà á ní 1938. Ìlú kékeré kan ní New Jersey tó ń jẹ́ Teterboro pàápàá yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bendix ní ọdún 1937. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń fọ aṣọ fúnra rẹ̀ jáde lọ́dún kan náà pẹ̀lú orúkọ Bendix lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló ṣe é. Àwọn tó ṣe é rí i pé orúkọ náà nìkan ń tajà, wọ́n sì fún un ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wọn nítorí rẹ̀.

Ibi tí bíréèkì ti já

Àmọ́ ọdún 1929 tí ó kó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ jọ náà ni ọjà ìpín ìdókòwò dojú dé ní New York, tí ọ̀dá owó sì bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Bendix kò kú, nítorí pé ọkọ̀ ṣì nílò bíréèkì. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ni nǹkan ń bàjẹ́ fún. Ó ti fi owó sí ilẹ̀, sí ilé àti sí oríṣiríṣi ìdókòwò, kò sì dín ìnáwó kù bí ọjà ṣe ń lọ sílẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì Lake Shore Drive kò ṣeé kọ́. Ààfin náà padà sọ́wọ́ ìdílé Palmer.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1936, àwọn òṣìṣẹ́ South Bend jókòó sínú ilé-iṣẹ́ náà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n kò ṣiṣẹ́, wọ́n kò sì jáde. Wọ́n fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ gbà láti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn dúnàádúrà. Ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú èyí tí ayé mọ̀ jù, ti General Motors ní Flint, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń ṣe bíréèkì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìjókòó dá ẹ̀rọ ńlá dúró ní ilẹ̀ yìí.

Ní ọdún 1939, Vincent Bendix lọ sí ilé ẹjọ́, ó sì kéde pé òun kò lè san gbèsè tó wà lọ́rùn òun mọ́. Ní ọdún 1942, ó kúrò nínú ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ilé-iṣẹ́ náà sì ń pawó ju ti ìgbàkígbà rí lọ láti ara ẹ̀yà ọkọ̀ òfúrufú. Òun kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará New Jersey dá orúkọ ìlú wọn padà sí Teterboro. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnì kankan mọ́.

Síbẹ̀, a kò lè sọ pé ó jókòó sunkún. Ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí òfo gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe lẹ́yìn ọdún 1909. Ó dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ láti máa ṣe hẹlikọ́pítà, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì rí ọ̀kan rí. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí àìsàn ọkàn fi mú un lọ ní New York, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1945. Ọmọ ọdún 63 ni.

Kí ló dé tí dísíìkì fi gba ipò dúrọ́ọ̀mù?

Iṣẹ́ bíréèkì ni láti sọ eré di ooru. Ibẹ̀ ni àléébù dúrọ́ọ̀mù wà. Inú rẹ̀ pa dé, ooru kò sì rí ibi jáde. Tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì léraléra bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, dúrọ́ọ̀mù á gbóná, á fẹ̀ síta, á sì máa jìnnà sí bàtà tó yẹ kó dì í mú. Ẹsẹ̀ yín á máa wọlẹ̀ sí i, ọkọ̀ kò sì ní dúró bó ṣe yẹ. Tí omi òjò bá wọ inú rẹ̀ ńkọ́? Bíréèkì á yọ̀ títí tí yóò fi gbẹ, nígbà mìíràn táyà kan á dì mú, èkejì kò ní dì mú, ọkọ̀ á sì fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Gbangba ni dísíìkì wà ní tirẹ̀. Irin pẹrẹsẹ kan ń yí pẹ̀lú táyà, páàdì méjì á sì fún un láàárín bí ẹni fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ mú àwo. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, omi sì ń dà nù kúrò lára rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Lanchester, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ láti 1902. Àmọ́ ọdún 1953, nígbà tí Jaguar fi bíréèkì dísíìkì gba ìdíje Le Mans, ni ayé tó gbà pé ó dára jù. Citroën DS gbé e sí táyà iwájú ní 1955.

Ní Amẹ́ríkà, Studebaker Avanti tó jáde fún ọdún 1963 wà lára àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún gbogbo èèyàn pẹ̀lú irú dísíìkì bẹ́ẹ̀ níwájú. South Bend ni wọ́n ti ṣe Avanti. Àwòrán dísíìkì náà jẹ́ ti Dunlop, ilé-iṣẹ́ tó sì gbàṣẹ láti ṣe é ni Bendix. Nǹkan bí ọdún 17 lẹ́yìn ikú ọkùnrin náà, ilé-iṣẹ́ tó fi dúrọ́ọ̀mù lówó ló ń ṣe ohun tó máa lé dúrọ́ọ̀mù kúrò níwájú ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ tiyín, ẹ kíyè sí èyí

Ibí yìí ni ìtàn Bendix ti kan ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ lónìí. A ti ní kí ẹ rántí pé bàtà inú dúrọ́ọ̀mù ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Dísíìkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára tí ẹ bá fi tẹ̀ ẹ́ nìkan ló máa lò. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé dísíìkì sí ọkọ̀ ọdún 1957 láì ṣe nǹkan mìíràn yóò rí i pé bíréèkì tuntun náà le lẹ́sẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ó sábà máa nílò hydrovac.

Master cylinder náà ṣe pàtàkì, ìyẹn pọ́ńpù tí ẹsẹ̀ awakọ̀ fi ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó jáde ṣáájú àárín àwọn ọdún 1960 ló ní ẹyọ ihò ọ́ìlì kan ṣoṣo. Tí páìpù kan bá bẹ́, bíréèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lọ nìyẹn. Láti 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ọkọ̀ tuntun pín in sí ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan lè dúró tí èkejì bá bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe dísíìkì, kó pààrọ̀ èyí pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe táyà iwájú nìkan, wọ́n á sì fi dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀ lẹ́yìn. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, iwájú náà ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní fáàfù tó ń dín agbára tó ń lọ sẹ́yìn kù, nítorí pé tí táyà ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ há, ọkọ̀ lè yí po lójú títì. Àwọn pọ́ńpù àtijọ́ kan sì tún ní fáàfù tó ń mú kí agbára díẹ̀ máa wà nínú páìpù dúrọ́ọ̀mù nígbà gbogbo. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà dísíìkì, páàdì kò ní fi irin sílẹ̀ dáadáa, yóò máa gbóná, yóò sì tètè jẹ tán. Ẹ wọn wíìlì náà kí ẹ tó náwó, torí pé àwọn wíìlì àtijọ́ míì kò lè gba orí ẹ̀rọ tó di páàdì mú kọjá. Ẹ má sì da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú bíréèkì láéláé, nítorí ó ń ba àwọn rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́.

Tí ẹ bá ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù, ẹ dán an wò ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níbi tí kò sí èrò kí ẹ tó gbé e lọ sí Dan Ryan. Bí kò bá sì dá yín lójú, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ilẹ̀ tẹ́jú ní Chicago. Ẹni tí kò sáré púpọ̀, tí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ wà ní mímọ́ tí wọ́n sì ń tún un ṣe déédéé, lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Èyí tó léwu jù ni èyí tí wọ́n ṣe ní ìdajì tí wọ́n sì pa tì.

Níbi tó wà báyìí

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line dé Sheridan lè fẹsẹ̀ rìn dé itẹ́ òkú Graceland. Ibẹ̀ ni Vincent Bendix wà. Potter Palmer tó kọ́ ààfin Lake Shore Drive wà níbẹ̀ pẹ̀lú, lábẹ́ òpó ńláńlá bíi ti tẹ́ńpìlì. Wọ́n wó ààfin náà ní ọdún 1950, ilé gíga ló wà níbẹ̀ báyìí. Jack Johnson, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àgbáyé fún àwọn tó wúwo jù, wà ní Graceland náà. Òun fẹ́ràn ọkọ̀ eléré, ìjàǹbá ọkọ̀ ló sì pa á ní 1946, ọdún kan lẹ́yìn Bendix.

Ilé-iṣẹ́ Bendix fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì ní ọdún 1983, wọ́n sì pín in kiri. Síbẹ̀ orúkọ náà ṣì wà lára páàlí páàdì bíréèkì tí wọ́n ń tà títí dòní. Ní ti ààfin, kò sí mọ́. Tẹ́ńpìlì náà, wọ́n ti tú u palẹ̀. Ìlú tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti padà sí tàtijọ́. Ohun tí kò kúrò ni èyí tó wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí: jíà kékeré tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra, àti bàtà méjì tó ń jẹ́ kó dúró. Ìgbà mìíràn tí ríwáyà bá ní kí ẹ lọ ra bendix wá, ẹ ti mọ ẹni tó ń dárúkọ.